Ẹni Tó Ń Fi Apá Jù àti Ẹni Tó Ń Fi Ìbàdí Jù

Lọ́dún tí apá ọ̀tún bàbá mi kọṣẹ́, èmi ni mo di apá náà. N kò yọ̀ǹda ara mi o. Èmi ni ọmọ tó wà nítòsí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Kánádà, àbúrò mi obìnrin wà ní Àbújá, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan ní Òdogbolú, níbi téèyàn lè wọkọ̀ dé ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó jẹ gúgúrú ọwọ́ rẹ̀ tán. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ti wọ yunifásítì. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú Dádì, tí ọsibítù ní ká máa gbé e lọ sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó rọ̀ mí lọ́rùn. Mo kó aṣọ sínú báàgì méjì, mo padà sí yàrá tí mo ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Kí n sọ òótọ́, n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tó lọ sílùú Òyìnbó. Ìyá wa ló tọ́ wa. Dádì ń kọ lẹ́tà, ó sì ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú ṣokoléètì àti òórùn òtútù kan tó máa ń wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń ṣa lẹ́tà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyá wa ti kú kó tó padà wálé pátápátá. Ó bá ilé tó kọ́ nílẹ̀, ó bá àwọn ọmọ tó ti dàgbà, a sì ń kí ara wa bí àwọn èrò tó jọ wọ ọkọ̀ kan náà.

Nínú ẹrù tó kó bọ̀, ọ̀pá ìwọ̀ kan wà nínú àpò gbọọrọ kan. Kì í ṣe irú ọ̀pá ìwọ̀ tí a mọ̀. Ó tín-ín-rín, ó ń jì bí ọwọ́ ọ̀pẹ. Okùn rẹ̀ nípọn, ìwọ̀ rẹ̀ kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́, kò sì sí ekòló lẹ́nu ìwọ̀ náà. Ìyẹ́ adìẹ àti òwú ni wọ́n fi dì í kó lè jọ eṣinṣin lójú ẹja. Òyìnbó àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń ṣa lẹ́tà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jù ú, nínú odò kan tó tutù débi pé, bí Dádì ṣe máa ń sọ ọ́, ẹsẹ̀ èèyàn á kọ́kọ́ máa dùn ún, tó bá yá á gbàgbé pé òun ní ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ló fún un ní ọ̀pá yìí kó tó kú.

Kí àìsàn tó dé, Dádì máa ń dúró lórí koríko ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀ Sátidé. Á ju okùn náà sẹ́yìn, á jù ú síwájú, láìsí omi, láìsí ẹja. Àwọn aládùúgbò á yọrí lójú fèrèsé. Wọ́n ní bàbá tó ti London dé ń na afẹ́fẹ́ lẹ́gba.

Àìsàn náà kò mú un lẹ́nu, kò sì mú un lọ́pọlọ. Apá ọ̀tún ló mú, àti díẹ̀ lára ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ mo ń tọrọ àyè níbi iṣẹ́ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní ọsibítù, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní físíò, tó ń fún iṣan àti oríkèé ní iṣẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin náà fi bọ́ọ̀lù kékeré kan sí i lọ́wọ́.

"Ẹ máa fún un mọ́wọ́, sà."

Dádì wo bọ́ọ̀lù náà. "Ṣé ọmọ jéléósinmi ni mí?"

"Rárá o, sà. Kí lẹ máa ń fi ọwọ́ náà ṣe tẹ́lẹ̀ tó máa ń dùn mọ́ yín?"

Bàbá mi kọ́kọ́ wojú mi bí ẹni pé èmi ni mo tú àṣírí rẹ̀. "Mo máa ń ju okùn ìwọ̀," ló wí.

"Ẹ máa jù ú nígbà náà. Ẹ fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún á máa wò ó, á máa kọ́ ọ."

Bóyá obìnrin náà kàn fẹ́ fi dá a lára yá ni. Ibẹ̀ sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ òsì kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwọ̀ náà kọ́ igi ìbẹ́pẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ́ okùn tí mo sá aṣọ sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, gèlè orí mi ló kọ́, mo sì dúró gbọnin bí ẹja tí ọwọ́ tẹ̀, títí ìwọ̀ náà fi tú. Dádì fi ẹ̀yìn ti ògiri. Òógùn bò ó. Ó na ọ̀pá náà sí mi.

"Gbà. Ìwọ ni wàá máa jù ú. Mo kàn fẹ́ rí i kó lọ ni."

Mo ti kọ́ kíláàsì márùn-ún lọ́jọ́ náà. Ọbẹ̀ wà lórí iná, ìwé ìdánwò tí n kò tíì máàkì sì ga lórí tábìlì. Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Àmọ́ ojú tó fi wò mí, n kò rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo ọdún tó ti ń wá tó ń lọ. Bàbá mi ò tíì bẹ̀ mí ní nǹkan kan rí láyé mi. Mo gba ọ̀pá náà.

Ó ní ní odò tiwọn lọ́hùn-ún, ọ̀nà méjì làwọn èèyàn ń gbà jù ú. Àwọn kan ń na gbogbo apá bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì. Èjìká wọn ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń jù ú jìnnà o, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sán wọ́n á ti máa fọwọ́ ra èjìká. Àwọn kejì kì í jẹ́ kí ìgunpá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Láti ìgunpá dé àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀, ọwọ́ á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

"Ti kejì yìí ni tiwa," ló wí. Mo mọ̀ pé òun pẹ̀lú òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ.

Kí ìgunpá mi má baà máa fò kiri, ó ní kí n lọ mú Ìwé Orin ìyá mi wá, èyí tó tóbi, kí n há a sí abíyá. Tí ìwé náà bá jábọ́, mo ti jù ú ṣì. Ìwé náà jábọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tú. Mo ń ju okùn bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́.

"Ọrùn ọwọ́ rẹ tún ti kán."

"Kò kán, Dádì."

"Ó kán. O jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn. Dúró kí okùn náà rìn tán lẹ́yìn rẹ, kí o tó pè é síwájú. O kì í dúró. Kí ló ń lé ọ?"

Gbogbo nǹkan ló ń lé mi. Mo ń jí ní aago márùn-ún láti wẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti dáná, láti fọṣọ, láti nà án lápá bí físíò ṣe kọ́ mi. Èmi náà ò kéré mọ́, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ tí mo fi ń kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù ń dùn mí kí n tó dé ilé, ọwọ́ kan náà ló sì fẹ́ kí n fi ju okùn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, Ìwé Orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní abíyá mi. Lọ́jọ́ kan okùn náà nà gbọọrọ lórí koríko bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Dádì kò yìn mí. Ó kàn ní, "Ẹ̀ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ ni."

Lẹ́yìn oṣù méjì lórí koríko, ó ní òun fẹ́ omi. Mo ní kó fara balẹ̀ títí ilé-ìwé á fi gba ìsinmi. Ó dákẹ́. Dádì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ tí gbogbo ilé á fi kún. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé àga oníke kan sí búùtù mọ́tò, mo gbé bàbá mi síwájú, a gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà ti júwe abúlé kan fún mi, níbi tí odò ti fẹ̀, tó sì rọra ń ṣàn.

Ọ̀gbẹ́ni kan ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀ nígbà tí a dé. Ó máa lé ní ọgọ́ta ọdún díẹ̀. Ṣòkòtò penpe nìkan ló wọ̀, èjìká rẹ̀ kan sì ga ju ìkejì lọ. Ó kí wa, ó bá mi gbé Dádì sọ̀kalẹ̀ débi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú létí omi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kò ṣiṣẹ́ náà lọ títí. Igbó ọparun wà lẹ́yìn wa, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ju okùn sẹ́yìn ni ìwọ̀ ń kọ́ ewé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó rìn wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sẹ́nu ìwọ̀ yẹn?"

"Ìyẹ́ adìẹ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹja wo ló ń jẹ adìẹ?"

Dádì dáhùn láti orí àga. "Kì í ṣe adìẹ. Eṣinṣin ni."

"Bàbá, eṣinṣin ò ní okùn nídìí."

Mo rò pé Dádì á bínú. Ó kàn nawọ́ òsì sí àwọ̀n ọkùnrin náà ni. "Tìẹ ńkọ́? Jẹ́ ká rí i."

Ọkùnrin náà so okùn àwọ̀n mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì. Ó ká ara àwọ̀n sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé apá kan rẹ̀ kọ́ ìgunpá, ó sì fi eyín di etí rẹ̀ mú níbi tí wọ́n so òjé mọ́. Ó wá yí ara padà bí ẹni tó fẹ́ wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó dúró díẹ̀, ó sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbàdí. Apá rẹ̀ ò ṣe ju pé ó tẹ̀ lé e lọ. Àwọ̀n náà là lójú òfuurufú bí agboòrùn, ó sì bọ́ sómi yíká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ìbàdí ló fi jù ú," ni Dádì wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá gbóhùn sókè. "Eyín ńkọ́? Kí ni eyín ń ṣe níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà ya ẹnu. Eyín iwájú méjì ti lọ lókè. Ó ní òjé ló kán ọ̀kan, ìkejì sì tẹ̀lé e lọ fúnra rẹ̀. Ó ní bàbá òun kì í fi eyín jù ú. Ọ̀dọ̀ àwọn ará etí ọ̀sà ni bàbá náà ti kọ́ṣẹ́, èjìká ni wọ́n ń gbé àwọ̀n kọ́, èjìká náà ni wọ́n sì fi ń tì í. Kí bàbá náà tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, kò lè gbọ́wọ́ dé orí láti fi yarun mọ́.

"Kò sí èyí tí kì í gba nǹkan lára èèyàn, Bàbá. Èmi ní kó kúkú gba eyín."

Dádì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, tó fi ikọ́ parí. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú un, n kò gbọ́ irú rẹ̀.

Bí a ṣe di ará odò nìyẹn. Gbogbo Sátidé ni. Àwọn bàbá méjèèjì á jókòó tì mí, wọ́n á máa jà lórí apá mi bí ẹni pé kì í ṣe ara mi ló ti yọ. Dádì á ní kí n fi ìgunpá ti ìhà. Apẹja á ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín tẹlẹ̀ dáadáa, ẹ fi ìbàdí ràn án lọ́wọ́." Dádì á ní ìbàdí ò sí níbẹ̀. Apẹja á ní kò síbi tí ìbàdí kì í sí. A ò pa ẹja kankan. Apẹja ń pa epìyà tiẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì máa ń dì díẹ̀ fún wa pé kí ọwọ́ má baà ṣófo.

Wọ́n ń gbádùn ara wọn. Èmi ò gbádùn. Sátidé nìkan ni ọjọ́ tí mo ní. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ni, lẹ́yìn rẹ̀ mo ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ọkọ mi dé lópin ọ̀sẹ̀ kan, odò ni mo wà. Ó sùn, ó jí, ó padà sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Kánádà, ó ní òun gbọ́ pé Dádì ti ń jáde, pé mo kú iṣẹ́, kí n rántí láti máa sinmi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ àwọn aṣọ ìbùsùn.

Sátidé tí nǹkan bàjẹ́, òjò ti rọ̀ láti ìdájí. Mo ti ní ká má lọ. Dádì ní òjò kì í dí ẹja lọ́wọ́. Mọ́tò há sínú ẹrẹ̀ kí a tó dé abúlé, mo sì sọ̀kalẹ̀ tì í pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà méjì. Nígbà tí a dé etí omi, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Apẹja kò wá lọ́jọ́ náà. Mo jù ú lẹ́ẹ̀kan, ó kọ́ ọparun. Mo jù ú lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọrùn ọwọ́ rẹ," ni Dádì wí.

Mo jù ú lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ọrùn ọwọ́. Ó tún ti kán. Kí ni mo sọ fún ọ? Oṣù mélòó nìyí?"

N kò mọ ìgbà tí mo la ọ̀pá náà mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò igi kan ló bá. Mo gbọ́ bó ṣe dún, ó dún fín-ín bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi ìṣáná.

"Ó ti rẹ̀ mí!" Igbe ni mo fi sọ ọ́. "Dádì, ó ti rẹ̀ mí! Ìgbà tí mo wà ní kékeré tí mo nílò ẹni tó máa kọ́ mi ní nǹkan, ibo lẹ wà? Odò Òyìnbó lẹ wà! Ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju okùn!"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán, kò ṣeé kó padà. Odò ń ṣàn. Dádì wo orí ọ̀pá tó ti kán, tó rọ̀ dirodiro lára okùn. Ó ní, "Gbé mi lọ sílé."

Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ohun tí a sọ fúnra wa kò ju oògùn, oúnjẹ, omi ìwẹ̀. Kò jẹun dáadáa. Físíò bi mí lọ́jọ́bọ̀ pé kí ló dé tí apá tó ti ń gbéra díẹ̀ tún wúwo. Mo ní n kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ó sọ̀rọ̀ láìwò mí.

"Ọdún kìíní tí mo dé ọ̀hún, mo máa ń ka ọjọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, n kò kà á mọ́, torí pé tí mo bá kà á, n kò ní lè dìde. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi Òyìnbó yẹn ní kí n jẹ́ ká lọ sódò. Kì í ṣe àwáwí o. Mo kàn ń sọ fún ọ ni."

Mo fa ìbọ̀sẹ̀ kejì bọ̀ ọ́. Ní Sátidé yẹn, mo gbé ọ̀pá tó kán sínú mọ́tò, mo dá nìkan lọ bá apẹja náà. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Mo tún sunkún lójú ẹni ẹlẹ́ni. Ó fún mi ní omi, ó yẹ ọ̀pá náà wò.

"Bàbá á bínú sí ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i," ló wí. "Kò ní rí bó ṣe rí mọ́."

Ó la ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó fi wọ́n há ibi tó kán, ó sì fi okùn àwọ̀n dì í yíká ṣinṣin títí ó fi dà bí ọwọ́ tí oníṣègùn eegun tò. Nígbà tí mo gbé e délé, Dádì fi ìka òsì tọ ibẹ̀ lọ tọ ibẹ̀ bọ̀. Ó ní, "Ó dì í dáadáa." Ìgbà yẹn ni mo ní, "Dádì, ẹ má bínú." Ó ní, "Ìwọ náà, má bínú." Bẹ́ẹ̀ la ṣe parí rẹ̀, láìsí ẹni tó dì mọ́ ẹnikẹ́ni.

Apẹja sọ òtítọ́. Ọ̀pá náà kò rí bó ṣe rí mọ́. Orí rẹ̀ ti le, kò jì bíi ti tẹ́lẹ̀, àrà ìgunpá tí mo fi Ìwé Orin kọ́ kò sì ṣiṣẹ́ fún un mọ́. Nígbà tí a padà sódò, mo jù ú, okùn náà kóra jọ síwájú mi bí òwú tí ológbò tú. Dádì wò ó títí. Apẹja ló ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí ọparun bá wà lẹ́yìn, kí ló dé tí ẹ tún ń jù ú sẹ́yìn?"

Dádì ṣẹ́jú. Ó ní ọ̀nà kan wà tí wọn kì í ju okùn sẹ́yìn rárá. Èèyàn á rọra fa okùn náà bọ̀ lórí omi, á gbé ọwọ́ dé ẹ̀gbẹ́ etí, okùn á rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá gbá a síwájú bí ẹni tó ń kan ìṣó mọ́ ògiri. Ó ní ọ̀rẹ́ òun máa ń sọ pé ti àwọn arúgbó nìyẹn, nítorí náà òun ò kà á sí.

"Ẹ̀yin kì í ṣe arúgbó ni?" ni apẹja wí.

Ó fa àga Dádì sún mọ́ omi, ó fi ọ̀pá sí i lọ́wọ́ òsì, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún tí kò lágbára lé e lórí. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ mú un ní ìbàdí lẹ́yìn. "Ẹ gbàgbé apá. Apá ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ yí láti ibí yìí."

Dádì fa okùn náà bọ̀ lórí omi. Ó gbé ọwọ́. Mo fẹ́ sọ pé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kán, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó yí lórí àga, gbogbo ara rẹ̀ yí, okùn náà sì ká lórí omi bí táyà kékeré tó ń yí lọ, ó nà, eṣinṣin oníyẹ̀ẹ́ náà sì bà lé omi láìpariwo. Kò jìnnà. Kò ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé lọ. Dádì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀ẹ́n," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Sátidé mẹ́rin mìíràn ló tún jù ú kí nǹkan kan tó jẹ ẹ́. Epìyà ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Èmi ló fà á jáde nítorí ọwọ́ òsì kò lè fa okùn kó tún di ọ̀pá mú. Dádì gbé e lọ́wọ́, ó wò ó bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún un. Ó wá ní kí n dá a padà sómi.

Apẹja rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Kí wọ́n dá kí ni padà?"

"Ẹja náà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A kì í jẹ ẹ́."

"Bàbá, láti ìgbà yìí wá? Gbogbo òjò yẹn? Gbogbo ẹrẹ̀ tí Tíṣà tẹ̀? Ẹja kan péré, ẹ ní kó máa lọ?"

Wọ́n jà. Wọ́n jà títí ẹja náà fi fẹ́ kú sínú korobá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò bá wọn dá sí i. Nígbà tí ariwo wọn pọ̀, mo gbé korobá náà, mo dà á sódò. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo ní ilẹ̀ ń ṣú, mo sì ní ìwé láti máàkì.

Ohun gbogbo kò tibẹ̀ dára. Apá ọ̀tún Dádì kò padà. Ó ń gbéra débi àyà ni, kò kọjá ibẹ̀, físíò sì ti sọ fún mi pé kò dájú pé á kọjá ibẹ̀ láéláé. Nígbà tí omi odò kún lọ́dún yẹn, a ò lè lọ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí omi fà, a bá apẹja náà lábẹ́ igi, àwọ̀n rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbígbẹ. Èjìká tó ga náà ti gan. Ó ti lo òrí, ó ti lo àgbo, ó ti jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un ní ilé oògùn, kò gbọ́.

"Ṣé o ṣì ń sọ pé ìbàdí lo fi ń jù ú?" ni Dádì wí, àmọ́ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìbàdí ni o. Mi ò mọ̀ pé èjìká náà ń bá mi jù ú ní gbogbo ìgbà yìí."

Dádì yíjú sí mi. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Dádì."

Láti ìgbà náà, èèyàn méjì ni mo ń gbé lọ sí ọsibítù ní Ọjọ́bọ̀. Apẹja á wọkọ̀ láti abúlé rẹ̀ wá bá wa nílé, tòun ti àpò ọ̀rá ẹja yíyan lọ́wọ́ tí kì í gbọ́ pé kó má mú wá. Físíò á mú wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, á fún wọn ní okùn tó kọ́ sára ògiri láti máa fà lọ fà bọ̀. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ọ̀nà ìta. Ọ̀kan ń sọ pé kí ìgunpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ìkejì ń sọ pé kó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa.

N kì í wọlé. Mo máa ń jókòó sínú mọ́tò lábẹ́ igi kan nínú ọgbà ọsibítù, mo ti kó ìwé àwọn ọmọ sórí itan, pẹ́ẹ̀nì pupa á sì wà lọ́wọ́ mi. N kì í máàkì ju ìwé méjì lọ kí oorun tó gbé mi lọ. Ó máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kò sì sí ẹni tó ń pè mí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á dé, wọ́n á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò láìkàn án, títí màá fi jí fúnra mi.